Fídíò Kọ́ Ló Pa Fíìmù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn àgbà wa. Bí a bá ti péjọ síbi ìnáwó, tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí òṣèré kan sì ń sọ ìsọkúsọ nínú rẹ̀, wọn a mi orí, wọn a ní, “Fíìmù ti kú. Fídíò ló pa á.” Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka fíìmù ìgbà tiwọn lẹ́sẹẹsẹ: Àjàní Ògún, Ìjà Òmìnira, Ayé, Jáiyésimi, Ọ̀run Mọ̀ọ́rù. Wọn a dárúkọ Ògúndé, wọn a dárúkọ Adé Love, wọn a dárúkọ Bàbá Sàlá, wọn a sì pòṣé. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó tì wọ́n, tí wọn kò fojú kan ọ̀kan ṣoṣo rí nínú àwọn fíìmù náà, àwọn náà a mi orí.

Àwa kò bá wọn mi orí. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà wa, ṣùgbọ́n a kò gba ẹjọ́ yìí bí wọ́n ṣe dá a. Wọ́n ti dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, ọ̀daràn sì ń rìn kiri láàárín wa. Ẹ tún wo àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn dáadáa. Kí ló dé tí wọn kò fi rí ọ̀kan ṣoṣo nínú fíìmù tí à ń fi yangàn fún wọn? Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí ó gba oorun lójú wa, òun gan-an ni a kì í sì í bèèrè. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún fíìmù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Fíìmù tí àwọn àgbà ń wí yìí, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ni, tí wọ́n fi oògùn tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí kùn lára, tí wọ́n wá ká jọ bí òwú. Bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, àwòrán 24 ni ó ń yà sára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,000, kò ju bíi ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ tí yóò fi tán. Fíìmù oníwákàtí kan àbọ̀ yóò jẹ ju irú róòlù mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn bí gbogbo òṣèré bá sọ ọ̀rọ̀ wọn láìṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni kì í ṣì í sọ? Ẹni tí ó bá sì ti ṣì í sọ, owó ti bá a lọ, nítorí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn lára fíìmù kò ṣeé pa rẹ́ kí á tún un lò.

Nítorí náà ni àwọn òṣèré ayé ìgbà náà ṣe máa ń múra. Ọmọ ẹgbẹ́ eré alárìnjò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti ṣe eré náà lórí ìtàgé láti ìlú dé ìlú, wọ́n ti mọ ibi tí èrò yóò ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọn yóò ti dákẹ́, kí kámẹ́rà tó kọjú sí wọn. Bí fíìmù bá sì jáde, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e kiri, tàwọn ti ẹ̀rọ tí ń ju àwòrán sára aṣọ funfun, tàwọn ti jẹnẹrétọ̀. Gbọ̀ngàn ìlú, ilé-ẹ̀kọ́, ilé sinimá, kò síbi tí wọn kì í dé. Ní Èkó, gbọ̀ngàn ńlá National Theatre ní Ìgànmú ni èrò ń wọ́ lọ nígbà ọdún, ìbáà jẹ́ Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀, ìbáà jẹ́ Kérésì. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọdé nígbà náà yóò rántí aṣọ ọdún tí ó ya níbi tí wọ́n ti ń jà sí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwa náà rántí.

A kò ní gbàgbé pé nǹkan ńlá ni wọ́n ṣe. Ní 1976, nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, pẹ̀lú Dúró Ládípọ̀ àti Adé Love nínú rẹ̀, èdè Yorùbá bọ́ sójú aṣọ funfun fún odindi fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé sí i, Ògúndé ti ṣe Ayé, ó ti ṣe Jáiyésimi, ó ti ṣe Àrópin N’tènìyàn. Ìjà Òmìnira ti sọ ìwé ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí di ohun tí ẹni tí kò mọ̀wé lè wò.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń fọ àwọn fíìmù náà?

Èyí ni ibi tí àwọn àgbà wa kì í dé nínú ìtàn wọn. Fíìmù tí a bá ti yà, inú òkùnkùn ni ó wà títí a ó fi fọ ọ́ nínú oògùn, tí a ó sì tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde. Òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ fún iṣẹ́ yìí, London ni lọ́pọ̀ ìgbà. Òkèèrè ni fíìmù òfìfo ti ń wá, òkèèrè ni kámẹ́rà ti ń wá, òkèèrè ni ó tún gbọ́dọ̀ padà lọ kí ó tó di ohun tí ojú lè rí. Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Bí onílẹ̀ bá ti sọ owó ilẹ̀ di ọ̀wọ́n, kí ni onílé yóò ṣe?

Ní 1985, náírà kan ṣì ń ra ju dọ́là kan lọ. Ní 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP wọlé. Ní 1987, dọ́là kan ti di bíi náírà mẹ́rin. Ní 1992, ó ti kọjá náírà mẹ́tàdínlógún. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ká ní iṣẹ́ fíìmù kan gba dọ́là 10,000 péré lókè òkun, owó rẹ̀ kò tó ₦9,000 ní 1985, ó di ₦40,000 ní 1987, ó ju ₦170,000 lọ ní 1992. Fíìmù kan náà ni o, iṣẹ́ kan náà ni. Ǹjẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ òṣèré ń gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ oṣù àti oníṣòwò ọjà lè fò sókè bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méje? Owó oṣù àwọn tí ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an kò fò.

Fíìmù ti ń kú kí fídíò tó dé. Àwọn tí ó ti ń lo mìlímítà 35 sọ̀kalẹ̀ sí 16. Àwọn tí ó ti ń lo 16 tún wá irú kan tí kò ní nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní reversal: fíìmù tí ó wọ inú kámẹ́rà náà ni a ó fọ̀, tí a ó sì gbé sára ẹ̀rọ fún èrò wò. Ó dín owó kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ha á ní alẹ́ ọjọ́ kan ní gbọ̀ngàn ìlú kan, ojúlówó ni ó ha yẹn. Kò sí ìyá rẹ̀ nílé tí a ó lọ tún ẹ̀dà mìíràn tẹ̀ lára rẹ̀. Bí wọ́n ti ń fi hàn lálaalẹ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tán. Fídíò kò tíì dé nígbà yẹn tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa pa iṣẹ́ ara wa run.

Àwọn kan yóò ní, “Ọ̀run Mọ̀ọ́rù ńkọ́?” Òótọ́ ni. Ní 1982 ni Bàbá Sàlá ṣe fíìmù náà pẹ̀lú Ọlá Balógun, owó ńlá ni ó sì ná lé e lórí. Kò pẹ́ kò jìnnà tí àwọn olè fi da á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí wọ́n ń tà á kiri. Àdánù náà sì wúwo fún un púpọ̀. “Ẹ ò rí i,” ni àwọn àgbà yóò wí, “fídíò náà ni!” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kò ní ọwọ́ tí ó fi ń jalè. Ènìyàn ni ó jí i, ènìyàn ni ó rà á, ó sì mọ̀ pé ìjíkójìí ni nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. A wò ó ní pálọ̀ wa. A rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a jókòó, a ní fídíò ni ó ba Bàbá Sàlá nínú jẹ́.

Nígbà tí ó di 1988, ọdún tí Ògúndé gbé Àyànmọ́ jáde, Adé Ajíbóyè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Big Abass gbé Soso Meji jáde lórí fídíò. Ní 1989, Muyideen Alade Aromire gbé Ekun jáde. Kò sí London nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n yà lówùúrọ̀, wọ́n lè wò ó nírọ̀lẹ́. (Àwọn tí ó ń kọ ìtàn fíìmù ilẹ̀ wa fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ láti 1992, nígbà tí Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. A kò bá wọn du iyì rẹ̀, nítorí pé ó sọ ọjà náà di ńlá. Ṣùgbọ́n Kenneth Nnebue tí ó náwó lé e lórí, fídíò Yorùbá ni ó ti kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ dán wò. Ẹ jẹ́ kí á máa ka ọdún bí ó ṣe yẹ.)

Bí fídíò kò bá dé nígbà náà, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Àwọn òṣèré wa ì bá padà sóko, èdè wa ì bá sì kúrò lójú àwòrán pátápátá. Ẹni tí ó fa ni yọ nínú omi, a kì í pè é ní apani.

Ẹ̀sùn kejì ni pé fídíò ni ó sọ iṣẹ́ di jákujàku. A ó fi ẹnì kan ṣoṣo dáhùn. Túndé Kèlání kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní London. Òun ni ó wà nídìí kámẹ́rà fún Ìyá Ni Wúrà àti Taxi Driver, àwọn fíìmù Adé Love tí àwọn àgbà ń sọkún lé lórí. Nígbà tí fíìmù di èèwọ̀ fún àpò, ó dá Mainframe sílẹ̀ ní 1991, ó sì gba fídíò mú. Láti ibẹ̀ ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ti jáde ní 1993, Ó Le Kú ní 1997, àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìwé Ó Le Kú, òun náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú Ṣaworoidẹ. Ojú kan náà ni ó wò ó, ọwọ́ kan náà ni ó yà á. Ọ̀rá fíìmù nìkan ni ó yí padà di kásẹ́ẹ̀tì. Ta ni yóò dúró níwájú wa kí ó sọ pé Ṣaworoidẹ kò tó fíìmù nítorí pé a kò fọ ọ́ ní London?

Òótọ́ kan wà tí a kò ní fi pamọ́. Owó róòlù ni ó ń sé àwọn òṣèré ìgbàanì ní ẹnu, tí ó sì ń mú wọn múra. Nígbà tí fídíò dígítà tí ń sọ àwòrán di nọ́ńbà dé bá wa, ní nǹkan bí ọdún 2000 síwájú, ìséraró yẹn lọ. Kámẹ́rà kékeré kan, kọ̀ǹpútà kan, ó tán. Ẹni tí ó bá ṣì í sọ yóò tún un sọ nígbà ogún, kò sí ohun tí ó ná ẹnikẹ́ni. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìtàn tí kò kún ìkòkò kan tí wọ́n bù sínú ìkòkò mẹ́rin: apá kìíní, apá kejì, ó tún ku méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú sí èyí, kí ó bínú sí ọ̀lẹ, kí ó bínú sí ojúkòkòrò. Ọ̀bẹ tí ó mú kò kọ́ ni pé kí á gé ìka ara wa.

Ó sì ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwa Mùsùlùmí gan-an. Láti ìgbà àgbéléwò ni a ti ń ráhùn pé bí ààfáà bá ti wọlé nínú fíìmù Yorùbá, kò ní ju kí ó tẹ yanrìn, kí ó ta òǹdè, kí ó sì fẹ́ ìyàwó ẹlẹ́kẹrin. A ti ráhùn ní mọ́sálásí, a ti ráhùn nínú ìwé ìròyìn bí irú èyí. Ó dára. Nígbà tí kámẹ́rà ń jẹ owó ilé, a ní àwíjàre. Nísinsìnyí tí kámẹ́rà wà nínú fóònù tí ọmọ wa fi ń ya oúnjẹ rẹ̀, ta ni ó di ọwọ́ wa mú tí a kò fi ya ààfáà tí a mọ̀ ní àdúgbò wa, tí ó ń kọ́ ọmọ ní kéwú láti àárọ̀, tí ó ń parí ìjà tọkọtaya lọ́sàn-án, tí kò sì lówó ìyàwó kejì? A ó fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀sùn tiwa gan-an nìyí: a kì í tọ́jú. Orúkọ tí a fún fídíò gan-an ti sọ ọ́. Àgbéléwò ni a pè é. A gbé e délé, a wò ó, a sì tì í sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, a pa róòlù fíìmù tì sínú yàrá gbígbóná. Fíìmù kò sì fẹ́ ooru. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti mú un pẹ́, yóò máa rùn bí ọtí kíkan, yóò súnkì, yóò sì ká kò. Nígbà tí àwo dé, a kó kásẹ́ẹ̀tì dànù. Nígbà tí fíìmù bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kó àwo fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa fi ṣeré. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, a ń ṣe bí ẹni tí ó kó lọ sílé tuntun tí ó sì fi àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀ ní èyí àtijọ́. A mọ àwọn tí ó jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ya fíìmù wọn gan-an ni wọ́n tún fi ya òmíràn ní oṣù kejì, kí wọ́n má baà ra tuntun. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wọn ni àwo tí wọ́n tà lọ́jà, tí àwòrán inú rẹ̀ ti rí wúruwùru.

Àwọn aláwọ̀ funfun tí à ń sọ pé a bá rìn ńkọ́? Ní 2002, Star Wars kan jáde tí ó jẹ́ pé kámẹ́rà dígítà ni George Lucas fi yà á. Ní 2012, Kodak wọ gbèsè débi pé ó sá tọ ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2013, Fujifilm dáwọ́ fíìmù sinimá dúró. Nígbà tí 2013 ń parí lọ sí 2014, Paramount bẹ̀rẹ̀ sí í kó fíìmù ńlá jáde ní Amẹ́ríkà láìtẹ ẹ̀dà kan sórí róòlù fún ilé sinimá. Àwọn náà yí padà, wọ́n sì yí padà kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọn bá Kodak ṣe àdéhùn ní 2015 pé àwọn yóò máa ra fíìmù kí ilé-iṣẹ́ náà má baà kógbá sílé. Àwọn mìíràn nínú wọn ń gba iṣẹ́ tí wọ́n fi dígítà ṣe padà sórí fíìmù, wọ́n ń gbé e sínú yàrá tútù tí ó gbẹ, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kí ló dé? Wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Àjọ tí ń fúnni ní ẹ̀bùn Oscar gbé ìwádìí kan jáde ní 2007. Wọ́n ní láti tọ́jú fíìmù kan fún ọdún kan, bí ó bá jẹ́ lórí ọ̀rá, dọ́là 1,059 ni. Bí ó bá jẹ́ ti dígítà ní ojúlówó rẹ̀, dọ́là 12,514 ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjìlá. Ìdí rẹ̀ ni pé fíìmù tí a bá gbé sínú òtútù, a lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ kí ọmọ ọmọ wa lọ bá a, yóò kàn gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ ni. Dígítà kò fẹ́ ìgbàgbé. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀ ń kú, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ń di àtijọ́, a gbọ́dọ̀ máa ṣí i nípò padà ní ọdún mélòó kan sí ọdún mélòó kan. Àwa tí a yọ̀ pé dígítà kò náni lówó, a kò tíì rí ìwé owó náà ni. Ẹ̀yìn ni ó ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn Shaihu Umar. Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa, ni ó kọ ìwé náà ní èdè Haúsá: ọmọ kan tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n tà lẹ́rú, tí ó dé Íjíbítì, tí ó kàwé, tí ó di ààfáà ńlá, tí ìyá rẹ̀ sì ń wá a kiri. Adamu Halilu sọ ọ́ di fíìmù ní 1976, ọdún kan náà pẹ̀lú Àjàní Ògún. Ààfáà tí a ń ráhùn pé a kò rí nínú fíìmù nìyẹn o, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà! Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé fíìmù náà ti sọnù, kí wọ́n tó rí róòlù rẹ̀ ní Jos, níbi tí ilé-iṣẹ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ ń kó fíìmù àtijọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Arsenal ní Jámánì ni ó bá wọn tún un ṣe, dígítà ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Ní 2018, wọ́n fi hàn ní Berlin.

A yọ̀, ojú sì tì wá. Ó ṣeé tún ṣe nítorí pé ẹnì kan kò jù ú nù. Dígítà tí wọ́n ní ó pa fíìmù ni ó jí i dìde. Fíìmù àti fídíò kì í ṣe ọ̀tá ara wọn rárá, àwa ni a fi wọ́n jà. Ṣùgbọ́n Berlin kò lè wá wo abẹ́ ibùsùn gbogbo onífídíò tí ó wà ní Ìdúmọ̀tà.

Àwọn kan ń fọkàn tán íntánẹ́ẹ̀tì. YouTube ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń gbà jáde báyìí, àwọn ọ̀dọ́ sì rò pé ohun tí ó bá ti wà níbẹ̀ wà títí ayé. Ọjà ni ibẹ̀, ẹ̀yin ọmọ wa, àká kọ́. Ọlọ́jà lè palẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá wù ú. Ní oṣù kìíní 2024 ni Amazon sọ pé òun kò ní gbé fíìmù tuntun kalẹ̀ ní Áfíríkà mọ́. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe fíìmù lónìí, kí ó ní ojúlówó rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì wà nínú ilé kan, kí ó kọ orúkọ gbogbo òṣèré àti ọdún tí wọ́n yà á mọ́ ọn. Àwọn yunifásítì wa tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá, kí wọ́n lọ máa bèèrè róòlù àti kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ìdílé òṣèré tí ó ti kú, kí wọ́n tó gbá ilé mọ́ lẹ́yìn fídáù. Owó tí ìpínlẹ̀ kan fi ń ṣe ayẹyẹ àṣà ní ọjọ́ kan tó láti mú yàrá kan tutù fún ọdún púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn onífíìmù nìkan ni à ń bá wí. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ọdún 1993, ilé kéwú wa ṣe wòlímọ̀ fún ọmọ mọ́kànlá. A dáwó, a pe oníkámẹ́rà, ó sì fún wa ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan tí a kọ “Wòlímọ̀” sí lára. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti di ìyá ọlọ́mọ, wá bẹ̀ wá pé òun fẹ́ rí i, nítorí pé ohùn bàbá òun wà nínú rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣe àdúà fún òun, bàbá náà sì ti papò dà.

A rí kásẹ́ẹ̀tì náà nínú àpótí, eruku ti bò ó. Ẹ̀rọ tí yóò lù ú ni a kò rí. Ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tí ó kù nídìí ẹ̀rọ náà, ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti 2016. Oṣù mẹ́rin ni a fi wá ẹ̀rọ kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ alátùn-únṣe kan. A jókòó yí i ká bí ìgbà tí a máa ń wo sinimá lọ́dún Iléyá. Àwòrán yọ. Àwọn ọmọ tò wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, ẹni àkọ́kọ́ jókòó, ó la ẹnu láti kéwú. Àwòrán já. Nígbà tí yóò tún padà, pápá ni a rí, ariwo èrò, àti Nàìjíríà pẹ̀lú Ítálì níbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994. Ẹnì kan láàárín wa ni ó fi bọ́ọ̀lù bo wòlímọ̀ mọ́lẹ̀. Amuneke gbá tirẹ̀ wọlé, Baggio gbá méjì, a wò ó títí dé òpin, bóyá àwọn ọmọ yóò tún yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò yọjú. Bọ́ọ̀lù yẹn, gbogbo ayé ni ó ní ẹ̀dà rẹ̀. Ohùn bàbá ọmọ náà, ibì kan ṣoṣo ni ó wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ èyí. Ike kékeré kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì fídíò, kò tó èékánná. Bí a bá ti fi àtàǹpàkò ṣẹ́ ẹ, kásẹ́ẹ̀tì náà kò ní gba nǹkan mìíràn mọ́ra mọ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti di ohun ìpamọ́. Obìnrin náà yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dá a padà fún wa. Ike náà ṣì wà níbẹ̀.